Àtẹ̀gùn àti Irin Ìdìmú fún Ilé Gbígbé àti Ibi Òwò ní Agbègbè Ìbògún

Kí wọ́n tó da dẹ́kìn ló yẹ kí onílé ti yan àtẹ̀gùn àti irin ìdìmú rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń kun ilé lọ́dà. Ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Láti Ìbògún títí dé Ìfọ̀, àti ní Mòwé àti Ìbàfò lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bíríkìlà ni ó máa ń pinnu bí àtẹ̀gùn yóò ṣe rí, ní ọjọ́ tí káfíńtà bá ń kan pákó rẹ̀. Irin ìdìmú a dúró di ìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù. Onílé á wá mú àwòrán kan jáde nínú fóònù, wẹ́dà á wo ojú ibi iṣẹ́, wọn á dúnàá-dúrà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irin tí ń mì àti ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn tí àgbàlagbà kò lè gùn láìsinmi ti ń wá.

Ilé Yorùbá àtijọ́ kò ní àtẹ̀gùn. Agbo ilé ni. Orí ilẹ̀ ni gbogbo yàrá wà, àgbàlá wà láàárín, àkàbà tí wọ́n fi ń gun àjà ni ó sì súnmọ́ àtẹ̀gùn jù lọ. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń fi ọgbọ́n wọn hàn, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé iṣẹ́ ọnà ìlú Chicago lónìí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní Àgbádárìgì ní 1845. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé sí Èkó láti Brazil ni ó sọ àtẹ̀gùn di ohun ẹ̀ṣọ́: káfíńtà wọn mọ bí a ti ń rẹ́ igi róbótó ní ọ̀pá oníkùn, wọ́n sì kọ́ ọmọ Èkó níṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀pá sìmẹ́ǹtì oníkùn tí ó ṣì wà lójú bákónì ilé àtijọ́ ní Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta, àwòkọ ọ̀pá igi wọ̀nyẹn ni. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀, sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé kọnkéré ni àtẹ̀gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì agbègbè yìí.

Nǹkan méjì ni ó ṣe kókó nínú ìwọ̀n àtẹ̀gùn: gíga ìpele kọ̀ọ̀kan, àti ìtẹ́sẹ̀, ìyẹn fífẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. François Blondel, ayàwòrán-ilé ará Faransé, ni ó kọ ìṣirò tí wọ́n ṣì ń lò sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1675. Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí, ìlọ́po méjì gíga ìpele àti ìtẹ́sẹ̀ kan, àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65, tí í ṣe ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ mítà mẹ́ta láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè, ìpele 18 yóò fún ìkọ̀ọ̀kan ní gíga sẹ̀ǹtímítà 16.7. Ìtẹ́sẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 29 bá a mu, nítorí 33.4 àti 29 jẹ́ 62.4. Tí wọ́n bá pín àtẹ̀gùn náà sí ọ̀wọ́ méjì tí ibi ìsinmi wà láàárín wọn, ìpele mẹ́sàn-án ni yóò kan ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ́sẹ̀ mẹ́jọ á gba mítà 2.32, ibi ìsinmi á gba mítà kan ó lé. Àyè tí ó gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀, tí ó sì fẹ̀ tó mítà méjì ó lé, ni àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Àyè yìí gan-an ni onílé kì í fẹ́ yọ̀ǹda. Pílọ́ọ̀tì kan ní agbègbè yìí sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kọ́lé sórí ààbọ̀ rẹ̀. Yàrá kan sí i ni ó ń wu olówó, kì í ṣe àtẹ̀gùn gbọọrọ. Bíríkìlà á dín ìpele kù sí 14, gíga ìkọ̀ọ̀kan á di sẹ̀ǹtímítà 21.4, ìtẹ́sẹ̀ á di 22. Ìṣirò Blondel kò ní rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn, nítorí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 64.8. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìṣirò kan ṣoṣo gbé àtẹ̀gùn yẹ̀ wò. Òfin ìkọ́lé Bírítéènì fi kún un pé ìdagẹ̀rẹ́ àtẹ̀gùn inú ilé kò gbọdọ̀ ju dígírì 42 lọ, ti onípele 14 yìí sì ti kọjá 44. Ọmọ ogún ọdún kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, aláboyún, àti ẹni tí ó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ sókè nígbà tí iná kò sí láti fa omi, àwọn wọ̀nyí ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ìpele tí kò dọ́gba tún léwu ju ìpele gíga lọ. Ẹsẹ̀ a máa mọ gíga ìpele méjì àkọ́kọ́, á sì máa gbé ara rẹ̀ sókè bákan náà láìjẹ́ pé ojú ń wolẹ̀. Ibi tí ìpele kan bá ti yàtọ̀ ni yóò ti kọ. Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé kò gbà kí ìyàtọ̀ láàárín ìpele tí ó ga jù àti èyí tí ó kúrú jù nínú ọ̀wọ́ kan kọjá mìlímítà 9.5. Ohun tí ó ń fa ìyàtọ̀ náà níhìn-ín kò fara sin. Ojú kọnkéré lásán ni bíríkìlà ti ń pín ìpele rẹ̀, kò ka sìmẹ́ǹtì àtẹ́lẹ̀ àti táìlì tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ilẹ̀ tán, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni tòkè. Ojú ìpele fúnra rẹ̀ kì í fi ju méjì tàbí mẹ́ta ga. Ìpele àkọ́kọ́ á kúrú, èyí tí ó gbẹ̀yìn lókè á ga ju àwọn yòókù lọ, onílé á sì máa ṣe kàyéfì ìdí tí àlejò fi ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ bí ó bá ṣe é lásìkò: kí wọ́n fa ìlà ilẹ̀ tí ó ti parí, tòun ti táìlì, sára ògiri nísàlẹ̀ àti lókè kí káfíńtà tó kan pákó, kí wọ́n sì pín ìpele láti ìlà sí ìlà.

Ní ti ìrísí, àtẹ̀gùn tí ó lọ tààrà láìyà rọrùn láti kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣubú lókè rẹ̀ kò ní dúró kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Èyí tí ó ní ibi ìsinmi láàárín ni ó bá ilé ẹbí mu jù. Àtẹ̀gùn irin oníyípo wà fún orí òrùlé àti ìdí táǹkì omi; ẹni tí ó bá fi í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo lọ sí yàrá òkè yóò rántí lọ́jọ́ tí ó bá ń gbé bẹ́ẹ̀dì tàbí aláìsàn. Àtẹ̀gùn tí ìpele rẹ̀ dà bí ohun tí ó so rọ̀ lójú òfuurufú, tí ó pọ̀ nínú àwòrán ilé ìgbàlódé, lẹ́wà lóòótọ́. Ohun tí kì í hàn nínú àwòrán ni ògiri kọnkéré tàbí irin ńlá tí ó gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án onínú ṣófo kò lè gbé ìpele tí ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo wọ ògiri; ẹnjiníà ni yóò ya irin tí yóò gbé e. Kí àlàfo tí ó wà láàárín ìpele kan àti èkejì má sì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, nítorí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ayàwòrán kì í dárúkọ: obìnrin tí ó ró ìró tàbí tí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn gíláàsì tàbí èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà tí àlejò jókòó sí pálọ̀ nísàlẹ̀.

Ibi òwò ní ìṣirò tirẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn àríyá àti ilé ìtajà alájà púpọ̀ ń pọ̀ sí i lójú márosẹ̀ láti Ìbàfò títí kọjá Mòwé, àwọn tí ń gun àtẹ̀gùn wọn kò sì mọ ilé náà tẹ́lẹ̀. Gíga ìpele gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17, ìtẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 25. Bí àtẹ̀gùn bá fẹ̀ ju mítà kan lọ, irin ìdìmú yẹ ní ọ̀tún àti ní òsì. Agbára irin pàápàá yàtọ̀. Nínú ìlànà Bírítéènì, irin inú ilé ẹbí kan gbọ́dọ̀ lè gba ìfaratì tó kílò 37 lórí mítà kan. Ti ilé ìtajà jẹ́ nǹkan bí 150. Ti ibi tí èrò ti lè há mọ́ra jẹ́ nǹkan bí 300, ìlọ́po mẹ́jọ ti ilé ẹbí. Ẹni tí ó bá ti rí bí èrò ṣe ń rọ́ lọ sójú bákónì gbọ̀ngàn láti wo ẹni tí wọ́n ń náwó fún nísàlẹ̀ kò ní bi ìdí rẹ̀ léèrè. Wẹ́dà tí ó fi irú páìpù kan náà ṣe ilé àti gbọ̀ngàn ti fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́.

Gíga irin ìdìmú lójú àtẹ̀gùn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100, tí a bá wọ̀n ọ́n láti etí ìpele. Ti bákónì ìta yẹ kí ó tó 110. Àlàfo láàárín ọ̀pá kan àti èkejì kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kọjá, kí ọmọ kékeré má baà gba ibẹ̀ yọ. Ọ̀pá tí ó dúró gangan dára ju èyí tí ó dùbúlẹ̀ lọ nínú ilé ọlọ́mọ. Àwọn ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n tò léra, tí ó wà lóde báyìí nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́, àkàbà ni lójú ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú gan-an kò gbọdọ̀ nípọn ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè ká lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ sí márùn-ún. Ẹnu irin náà ni kí wọ́n yí padà sí ògiri tàbí sí ìsàlẹ̀, kí ó má baà fa apá agbádá ya.

Irin dúdú ni ó pọ̀ jù lójú àtẹ̀gùn agbègbè yìí, kò sì sí wẹ́dà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lágbára, ó ṣeé tẹ̀ sí ọ̀nà tí ó wuni, owó rẹ̀ kò ga púpọ̀. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Kí wọ́n ha ojú rẹ̀ títí ìpáàrà yóò fi kúrò, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ kùn ún kí ọ̀dà ẹwà tó gorí rẹ̀, kí wọ́n sì dí ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan pa, torí omi tí ó bá wọnú rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ láti inú kí ojú tó rí i. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò pẹ́ ju èyí lọ, àmọ́ iná wẹ́dà a máa jó síǹkì náà kúrò níbi oríkèé, èéfín rẹ̀ a sì máa fa ibà fún ẹni tí ó bá ń fà á símú. Ọ̀dà onísíǹkì ni ó yẹ kí wọ́n fi bo oríkèé bẹ́ẹ̀.

Sitéènlẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè báyìí, orí rẹ̀ sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Harry Brearley ni ó ṣe é ní Sheffield ní 1913, ó sì ṣàkíyèsí pé irin tí wọ́n po kúrómíọ́mù mọ́ kì í tètè dógùn-ún. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń mọ̀ wọ́n. 304 ní kúrómíọ́mù bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àti níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 8. Òun ni ó yẹ fún bákónì àti ìta gbangba. 316 ní mọ́líbídínọ́mù ní àfikún, etí òkun ni ó sì bá mu. Ẹni tí ń kọ́lé ní Ìbògún kò nílò rẹ̀. 201 ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀: wọ́n dín níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kù, wọ́n fi mángánísì dípò, owó rẹ̀ wálẹ̀, ó ń dán bí 304, ṣùgbọ́n àmì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀ bí òjò bá ń pa á. Nínú pálọ̀ tí òjò kì í dé, kò burú. Ẹ̀bi ibẹ̀ ni kí a ta á ní owó 304. Àwọn oníbàárà gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì: bí kò bá fà á, wọ́n á ní ojúlówó ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa 201 náà. Oríṣi mìíràn, 430, ni ó ń fà, nítorí náà ìdánwò yìí kò lè ya 201 kúrò lára 304. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára páìpù tàbí sára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ni kí onílé wò. Oògùn ìdánwò kan tún wà tí wọ́n ń kán sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí mángánísì bá pọ̀ níbẹ̀. Kí ó sì wọn bí ara páìpù ṣe nípọn tó: mìlímítà kan àbọ̀ dúró, èyí tí kò tó mìlímítà kan á tẹ̀ bí ènìyàn méjì bá fara tì í.

Ojúlówó 304 pàápàá lè bàjẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà. Ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì ágọ́nì ni ó ń jó sitéènlẹ́ẹ̀sì mọ́ra dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ẹlẹ́kítíróòdù irin dúdú jó o, tàbí tí ó fi díìsì tí ó ti fi gé irin dúdú gé e, ti gbin ìpáàrà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ ilẹ̀, àti jíìkì tí wọ́n fi ń nu ojú irin, ni ó ń jẹ ẹ́. Kí onítáìlì parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fọ ilẹ̀ tán, kí wọ́n tó gbé sitéènlẹ́ẹ̀sì wọlé.

Gíláàsì dára fún ibi tí a fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá. Èyí tí wọ́n fi iná mú le a máa lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin gíláàsì lásán, bí ó bá sì fọ́, á di wóróworó tí kò lè gúnni bí ọ̀bẹ. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ń wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àyè á sì ṣí sílẹ̀. Fún bákónì tí ènìyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, gíláàsì méjì tí wọ́n fi rọ́bà pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ra ló yẹ, torí bí ó bá fọ́, yóò ṣì dúró. Edouard Benedictus ará Faransé ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1909. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí, níbi tí eruku pupa ń gbalẹ̀ nígbà ọyẹ́ tí ẹrẹ̀ sì ń ta nígbà òjò, gíláàsì ojú bákónì iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò máa nù ún, kí ó fi sí inú ilé.

Igi ṣì níyì fún ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Apá, ìrókò àti ọ̀gànwó ni àwọn káfíńtà ń yàn, ikán kì í sì tètè wọ apá àti ìrókò. Igi tútù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé ni kò dára: yóò gbẹ tán lójú àtẹ̀gùn, yóò lọ́, yóò sì là. Àlùmíníọ́mù fúyẹ́, kì í dógùn-ún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára fún ibi èrò.

Ìdí irin ni ó ń gbé irin dúró, ohun tí wọ́n sì ń ṣe níhìn-ín ni pé kí wẹ́dà lu ihò sójú táìlì, kí ó fi bóòtù kékeré méjì de ẹsẹ̀ irin mọ́ ibẹ̀. Bóòtù tí ó súnmọ́ etí kọnkéré jù á fọ́ ọ, táìlì á là, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Èyí tí ó tọ́ ni kí wọ́n jó pléètì irin mọ́ irin dẹ́kìn ní ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dúró, nǹkan bí mítà kan sí ara wọn, kí wọ́n tó da kọnkéré, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà nígbà tí táìlì bá bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí táìlì bá dé ni wẹ́dà yóò tó wọn gígùn àti ìdagẹ̀rẹ́ gan-an, tí yóò sì gé irin sí ìwọ̀n ilé yẹn. Kò sí àtẹ̀gùn méjì tí ó dọ́gba délẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin àrà-ọ̀tọ̀ fi sàn ju èyí tí wọ́n rà ní gígé láti ọjà lọ.

Nàìjíríà ti ní Ìlànà Ìkọ́lé ti Orílẹ̀-èdè láti 2006, àwòrán tí onílé gbé lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sì máa ń ní àtẹ̀gùn nínú. Ìwọ̀n àtẹ̀gùn inú àwòrán yẹn ni kí bíríkìlà tẹ̀ lé, bí ó bá sì fẹ́ yí i padà, ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà ni yóò gbà fún un. Ìbògún kò ṣàìní irú wọn: ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà.

Àdéhùn pẹ̀lú wẹ́dà yẹ kí ó wà nínú ìwé: nọ́ńbà irin, bí páìpù ṣe nípọn tó, gíga, àlàfo, irú gíláàsì, iye owó lórí mítà kan, ẹni tí yóò ra díísù sí jẹnẹrétọ̀, àti ẹni tí yóò tún táìlì tí ó bá là ṣe. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ ṣe mítà kan sójú ibẹ̀ kí onílé rí i. Kí àgbàlagbà méjì fara tì í pọ̀ kí wọ́n tó san owó tí ó kù. Iná mànàmáná yẹ kí ó ní bọ́tìnnì nísàlẹ̀ àti lókè àtẹ̀gùn, pẹ̀lú gílóòbù kan tí ń lo bátìrì fún ìgbà tí iná bá lọ.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, omi àti ọṣẹ ni sitéènlẹ́ẹ̀sì àti gíláàsì ń fẹ́. Irin dúdú ń fẹ́ ọ̀dà tuntun nígbàkígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá ti ń ṣí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan mi ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì fún bóòtù rẹ̀ le. Bí èyíkéyìí bá ń mì, kí onílé fi okùn dí ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì pe wẹ́dà.